Ìwé Agbẹ̀bí

Ikán ló kọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n.
Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì nílé ìwòsàn
mo kó ìwé ìgbẹ̀bí mi, mọ́kànlá, sínú àpótí pákó,
mo tì í sábẹ́ ibùsùn ní Ìsánlú,
mo ní ó parí.
Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn òjò ọdún méjì
ẹ̀yìn ìwé ṣì ń dán,
inú ti di erùpẹ̀.
Mo fọwọ́ kan oṣù Ẹ̀bìbí, ó wó.

Mẹ́rin péré ló ṣeé kà.
Ìka kan ni mo fi tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, lálaalẹ́:
ọmọ Abẹ́jídé, Ìgè, tó fẹsẹ̀ wá ayé lọ́jọ́ ọjà;
ìbejì ilé Mọ́yèbí, àtùpà la fi gbẹ̀bí wọn,
epo kán sí etí ojú ewé;
ọmọbìnrin kan tí kò ké títí mo fi gbá a nídìí,
tó wá ń ké bí ẹni tí a jẹ lówó.
Egbèje orúkọ, ó lé mẹ́tàdínlógún.

Wàyí o, kọ̀ǹpútà náà ti ń hu.
Bí iná bá lọ, tó tún dé lójijì,
a máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́,
bí àgbà tó ń fi eyín mẹ́ta jẹ àgbàdo yíyan.
Owóníyì ọmọ àbúrò mi tẹ́tí sí i.
"Màmá, ẹ ṣẹ̀dà rẹ̀ kó tó dákẹ́."
Àṣé ètò tó ń ṣẹ̀dà pọ̀ bí ọkọ ìyàwó.
Mo jókòó bí ìyá ọmọ, mo ń bi wọ́n léèrè.

Èkíní ní òun yóò kó o lọ sínú àwọsánmà,
ikán kò dé ibẹ̀, òjò kò dé ibẹ̀.
Dọ́là ló ń gbà, lóṣooṣù.
Bí owó ìfẹ̀yìntì bá falẹ̀ ńkọ́, bó ti máa ń falẹ̀?
Ó dákẹ́.
Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ilé wa sì rèé, ìdí igi kajú nìkan ló ń dúró sí,
láago méjì òru.
Èmi tí mo jí fún ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún,
n óò tún máa jí fún àwọsánmà?

Èkejì, ọ̀fẹ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń ní kí n ra ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ̀kẹta ń fi kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo nǹkan.
Bí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí, ó dìgbóṣe,
òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣí i.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí.
Láàárọ̀ yìí mo wá awò ojú mi kiri, ojú mi ló wà.

Ẹ̀kẹrin kò lẹ́wà.
Ó rí bíi fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀.
Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń dà kọ sínú díìsìkì,
kálukú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, á sì lọ jókòó.

Mo wá bi Owóníyì ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára páálí:
"Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n kó lọ.
Èwo ló mọ̀ ọ́n kó bọ̀?"
Àwa agbẹ̀bí kì í ka oyún.
Igbe ọmọ là ń kà.

Ó pa ọdún Ìgè rẹ́ lójú mi.
Àyà mi já.
Ó ní kí ẹ̀kẹrin dá a padà.
Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń fà, ó dúró, ó tún fà,
àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi:
"Rọra. Tiraka. Ó kù díẹ̀."
Owóníyì rẹ́rìn-ín títí.
Ìwé yọ. Ìsàlẹ̀ ojú ewé ló kọ́kọ́ hàn,
ẹsẹ̀ ṣáá ni.

Bàbá mi kì í kó ẹ̀bù iṣu sí abà kan.
Díìsìkì kan wà lọ́dọ̀ mi, èkejì wà ní Kàbà.
Mo sì ti ra ìwé tuntun, mo ń fi gègé dà á kọ,
ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo kẹrosíìnì.
Ikán, òkun o.