Irin Tó Mọ Ìkúnlẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni mo rà á l'Ádó, lábẹ́ tapólì,
láàárín fìríìjì méjì tí kò nílẹ̀kùn mọ́.
Férémù lásán. Kò ní táyà, kò ní ọwọ́, kò ní ìjókòó.
Ẹni tó tà á ní òkè ni wọ́n fi ń gùn nílùú òyìnbó.
Mo ní òkè wo? Ó ní òun ò débẹ̀.
Mo gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé àkàbà,
mo wọ mọ́tò Ẹ̀fọ̀n,
dẹ́rẹ́bà ní kí n sanwó èèyàn méjì.
Mo san án.

Irin gidi ni, kì í ṣe irin ìkòkò.
Mo fi èékánná gbá a, ó dún gooro.
Ó dógùn-ún lọ́rùn, ó dógùn-ún nídìí,
ṣùgbọ́n awọ ni ìpáàrà jẹ, kò tíì dé eegun.
Mo da kẹrosíìnì sí ibi tí irin ìjókòó há sí,
mo ní ó dàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò mì.
Lọ́jọ́ kẹta, Fátúàṣe wẹ́dà fi iná yá a lára,
ó ní, "Uṣẹ́ mà rèé o, Tísà."
A jọ yí i. Ó ké bí ewúrẹ́, ó jáde.

Bàbá mi a máa gun Rálè lọ oko kòkó lọ́nà Ìwárajà.
Rálè náà le níwájú, ó le lẹ́yìn;
gbogbo òkúta ọ̀nà, ìdí bàbá mi ló ń kà á.
Èyí yàtọ̀. Iwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì:
bí mo bá tẹ̀ ẹ́, a kúnlẹ̀, a dìde,
bí ọmọ tí a kọ́ nílé.
Ẹ̀yìn rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n tẹ̀.
Ibi tí wọ́n jó o mọ́ náà ló wà.
Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń kí èèyàn
kò ní láti ṣẹ́ lẹ́yìn.

Ìdí pẹ́dàlì ni mo ti ṣìwà hù.
Ife irin méjì ló ń gbé bẹ́ríìn dúró níbẹ̀:
ti òsì wọlé wẹ́rẹ́, ti ọ̀tún kọ̀.
Mo yí i láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́,
mo fi òòlù bá a sọ̀rọ̀,
eyín rẹ̀ méjì ti fẹ́ẹ́ ká
kí n tó gbọ́ ohùn bàbá mi, sípánà lẹ́nu rẹ̀:
"Apá ọ̀tún yẹn, òdì ni wọ́n ń yí i.
Àwọn tó ṣe é ló mọ̀dí."
Ọdún mọ́kànlá tó ti kú, n kò rántí gbólóhùn yìí rí.
Mo yí i sódì.
Ó wọlé.
Mo jókòó sílẹ̀, gíríìsì dé ìgúnpá,
n kò ṣe nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Sípóòkù méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ń ta wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí mo ti ń kọ́ àwọn Pámárì Mẹ́rin ní àmì ohùn:
èyí ń wí dò, ìyẹn ń wí mí, òmíràn ò tilẹ̀ fọhùn.
Mo fún díẹ̀, mo dẹ díẹ̀,
títí rímù fi dẹ́kun ijó.
Ìbùkúnolú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ní ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n wá ń sọ?
Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n kàn fohùn ṣọ̀kan ni.

Ṣéènì: mo gé e kúrú jù, mo ra òmíràn.
Ọ̀dà: àwọ̀ ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ,
tó ń pọ́n kó tó di tútù.
Bíréèkì iwájú ti wà. Ti ẹ̀yìn ò tíì dé láti Ìbàdàn;
láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ní ọ̀la ni.

Lónìí mo tì í gun òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé.
Nísàlẹ̀, páànù Ẹ̀fọ̀n pupa títí dé ẹsẹ̀ òkè kejì,
gbogbo rẹ̀ dógùn-ún, gbogbo rẹ̀ ṣì ń gba òjò dúró.
Mo jókòó lé e. Mo fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀.
Mo tẹ iwájú, ó kúnlẹ̀.
Ọ̀nà náà dà gẹ̀rẹ́ lọ, òkúta rẹ̀ pọ̀, ó ń wò mí.
Mo sọ̀ kalẹ̀,
mo tún tì í padà sílé.