Òrùka Tó Sán

Bọ́ọ̀lù náà kò tóbi ju ọsàn lọ.
Ó já bọ́ láti inú àpò kóòtù bàbá mi sórí ilẹ̀ ilé ìdáná
tí wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ láyé ìyá ìyá rẹ̀.
Kò fọ́. A dúpẹ́.
Àfi ìgbà tó fa okùn, tó mi ọrùn ọwọ́,
tí ohun tó máa ń kùn bí oyin nínú igi
bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ní Blaenau, òjò kì í dá, ó kàn ń mí ni.
Lóṣù kejì, yìnyín gbé Gwilym ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn,
egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.
Meinir, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ló fún un ní bọ́ọ̀lù yìí.
Okùn bàtà la fi ń jí i;
lẹ́yìn náà, ọwọ́ ló ń bọ́ ọ, yíyí díẹ̀, yíyí díẹ̀,
títí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ yóò fi pòòyì ju òkòtó lọ,
tí yóò máa bá apá jà bí ẹja tó kọ̀ láti kúrò lódò.
Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
ń bá ara rẹ̀ díje, ó ń kọ iye rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà.

Mo ní kí n ra òmíràn.
Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ ra ọwọ́ mìíràn.

Ó tú u sórí ìwé ìròyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì.
Kẹ̀kẹ́ rèé, ó wúwo, ó ń dán.
Irin tó gba àárín rẹ̀ kọjá rèé.
Òrùka ike rèé, tí orí irin méjèèjì ń sùn nínú ihò rẹ̀;
lẹ́nu ihò kan, ìlà kan, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú.
Èékánná ló fi wá a. Ó rí i kí n tó rí i.

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi la òkúta.
Á gbé e sétí, á kàn án lẹ́ẹ̀mejì,
á sọ ibi tí yóò gbà là fún ọ.
Ìlà bí irun ló bọ́ wa,
ìlà bí irun ló rán mi nílé ìwé.
Kò sẹ́ni tó ní kó pa ọ̀kan dé rí.

Gúlúù àkọ́kọ́ yára bí ọmọ tó dáhùn kí a tó bi í.
Ó gbẹ, ó ta kókó.
Bọ́ọ̀lù yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó há.
Bàbá mi fi èdè Welsh bú u,
ọ̀rọ̀ tí n kò lè tún sọ níwájú Meinir.

Lọ́jọ́ kejì ó bu sódà tí a fi ń ṣe kéèkì,
ó wọ́n ọn sójú ìlà, ó kán gúlúù lé e.
Èéfín rú díẹ̀. Ó le bí eyín.
Ó fi sánpépà fá a,
ó ń fi àtàǹpàkò ọwọ́ tó ṣẹ́, tó ṣì ń gbọ̀n, yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí n kò rò:
kò dá orí irin padà sí ihò àtijọ́.
"Ibi tó sán ti ṣiṣẹ́ tó. Jẹ́ kó jókòó."
Bí ihò àtijọ́ bá wà níbi aago méjìlá àti mẹ́fà,
ó gbẹ́ tuntun síbi aago mẹ́ta àti mẹ́sàn-án,
abẹ́rẹ́ pupa lórí iná gáàsì, ike ń rùn,
fèrèsé ṣí sílẹ̀, òjò ń bá wa wọlé.

Ó kùn.
Kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú kíkùn náà,
nǹkan kan ń ró kẹ́
nígbàkígbà tí òrùka bá gbé ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kọjá.
Mo ní bóyá kó tún fá a sí i.
Ó ní rárá o, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ òun náà ṣe ń dún bí òjò bá ṣú.

Aago mọ́kànlá alẹ́. Mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì lókè,
mo ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀: kùùn, kẹ́, kùùn, kẹ́,
lẹ́yìn náà, pẹ́ńsù lára kàlẹ́ńdà.