Tẹ́ẹ̀pù Aláwọ̀ Mẹ́ta

Mi ò kàwé. Àwọ̀ ni mo mọ̀.
Nílé ìwòsàn òkè odò Tila
wọ́n fún mi ní tẹ́ẹ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ kan,
wọ́n ní, "Kaushila, wé e mọ́ apá ọmọ.
Ohun tó bá sọ ni kí o gbọ́."
Mo ká a sínú àyà aṣọ mi,
níbi tí mo ń fi owó iyọ̀ pamọ́ sí.

Dhauli ṣí ìbora kúrò lára ọmọ rẹ̀.
Jasu. Oṣù mẹ́rìnlá.
Mo wé tẹ́ẹ̀pù, mo fà á, mo tún fà á,
kò rí ẹran tí yóò dì mú.
Pupa.
Pupa bí ata tí ìyá ọkọ Dhauli sá sórí òrùlé.

Ìyá ọkọ ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni baba rẹ̀ ṣe rù."
Mo ní, "Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ lọ́jọ́ tí o bí baba rẹ̀.
Nígbà tó tó báyìí, adìẹ ló ń lé kiri."
Jasu ò lé nǹkan kan.
Eṣinṣin bà á létè,
kò lé e.

A fi ìdajì ọjọ́ rìn, òjò dídì dé orúnkún wa.
Wọ́n gbé e sínú àpò ẹlẹ́sẹ̀ méjì,
wọ́n fi ìwọ̀n kọ́ ọ sára ẹ̀ka igi ápù.
Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n mì díẹ̀,
ó dúró ní kílò márùn-ún àti ààbọ̀,
bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n.
Dhauli wojú mi. Ẹrù ápù tó ń rù lọ sọ́jà
wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́nà márùn-ún.

Wọ́n kó ọ̀rá pẹlẹbẹ fún wa:
ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, ṣúgà, òróró.
"Oògùn ni. Ẹ má ṣe pín in fẹ́nì kankan."
Ṣùgbọ́n Mangali wà nílé, ọmọ ọdún mẹ́rin,
ó jókòó ti ààrò, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìka ìyá rẹ̀.
Nígbà tí Jasu lá a tán
Dhauli la ọ̀rá òfìfo náà sí méjì
ó nà án sí àgbà.
Mo rí i.
Kí ni ǹ bá sọ?

Mo kọ́ ọ ní ìyẹ̀fun:
sóyà ìwọ̀n méjì, àgbàdo ọ̀kan, àlìkámà ọ̀kan,
yan án, lọ̀ ọ́, rò ó,
jẹ́ kí bọ́tà màlúù yọ́ sójú rẹ̀.
Ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Bó bá yíjú, dúró, kọrin, tún fún un.
Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,
díẹ̀ díẹ̀ náà lẹran ń padà sára ọmọ.

Kò kúkú padà bẹ́ẹ̀.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa
láàárín òru méjì.
Dhauli ò sọ̀rọ̀. Ó fọ aṣọ, ó sá a,
ó tún gbé ìkòkò kaná.

Mo délé wọn lọ́jọ́ tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́
mo gbọ́ ẹkún láti ẹnu ọ̀nà,
ẹkún gidi, ẹkún ẹni tí wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀!
Ìlà kan ti yọ ní itan Jasu
níbi tí ẹran ti pàdé ẹran.
Mo wé tẹ́ẹ̀pù.
Kò tíì di àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ìyeyè ni,
mo sì jókòó sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́.
Dhauli ní, "Ìyá, ẹ̀yìn ń ro mí. Ọmọ yìí wúwo."
Ó ráhùn rẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

Mo fẹ́ ká tẹ́ẹ̀pù padà sáyà.
Mangali ti dúró síwájú mi,
ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé èjìká.
"Wọn èmi náà."
Mo wé e.
Mo ń gbọ́.