Ohun Tí Kò Wọ Inú Àkọsílẹ̀ Ìpàdé

Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ
ẹni tó dábàá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, iye ọwọ́ tó gòkè.
Ohun tó jábọ́ láàárín ìlà ni mo ṣà síhìn-ín.

Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin.
Tiwa kọ̀ ọ́. Lóṣù Èrèlé ni lẹ́tà dé:
ihò ti kún, ẹ má kó ohunkóhun wá mọ́
tí yìnyín bá ti yọ́ tán.

Ìlú mẹ́ta ni wá létí odò kan náà,
Thibeault Landing, Haskell Mills, Petit-Lac,
kà wá tọmọ tàgbà, a ò pé ẹgbàajì.
Owó ọkọ̀ akólẹ̀ kan ṣoṣo
á gbé àpò ìlú kan mì, á tún béèrè okùn àpò.

La bá pàdé nílé àwọn panápaná,
àga onírin, kọfí tó ti korò láti àárọ̀.
Normand Cyr kò ṣí fìlà. Verna Haskell kò kí i.
Ìjà afárá ni. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti sùn sí ibojì,
ìjà ò bá wọn sùn.

Rosaire Pelletier, tó ń tún ayùn onímọ́tò ṣe,
gbé páálí kan tó ti rin sórí tábìlì.
"Ilé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ odò ń ra èyí.
Àmọ́ ẹ̀kún ọkọ̀ ni wọ́n ń rà, wọn kì í rà á ní ẹyọ.
Ta ló lè dá kó ẹ̀kún ọkọ̀ jọ nínú wa?
Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé."

Ó dára. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú wo ni yóò ṣíwájú lára ọkọ̀?
Wákàtí méjì gbáko.
Wọ́n pe baba ara wọn, wọ́n pe baba afárá.
Nínú ìwé mi: *A jíròrò lórí ọ̀dà.*

Léonie Thibodeau, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀
láti ìgbà tí mo ti pe orúkọ.
Kò dìde. Ó ní,
"Ọjọ́ wo ni yóò dé ẹnu ọ̀nà mi?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.
Mo gbọ́ bí abẹ́rẹ́ méjì ṣe ń kan ara wọn.
Ìgbà náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ọkọ̀ dé ní funfun báláú, kò lórúkọ.
Lóṣù Ṣẹrẹ ó rì sínú yìnyín ní ẹsẹ̀ afárá,
táyà iwájú ní Petit-Lac, tẹ̀yìn ní Haskell Mills.
Ìpínrọ̀ keje ìwé àdéhùn ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan
sanwó ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀.
Awakọ̀ pè mí: ilẹ̀ ta ni mo wà?
Mo ń wá awò ojú mi
nígbà tí iná ọkọ̀ ìkóyìnyín yọ láti ọ̀tún,
tí òmíràn yọ láti òsì.

Agolo ti tú, ó ń yí gbirigbiri lọ sórí odò dídì.
Normand sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lásán wa táyà.
Verna kò kí i.
Ó na ṣọ́bìrì kejì sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ Léonie.
Garawa búlúù rẹ̀ wà létí títì kí ilẹ̀ tó mọ́,
ìgò jáàmù kan ṣoṣo nínú rẹ̀,
ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ,
bí ẹni pé àlejò ni yóò fi mu omi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣì wà nílẹ̀.
Normand ti ní kí n kọ ọ́ mọ́ ti oṣù tó ń bọ̀.