Ibi Tí A Ó Kàn Án Mọ́

Inú páálí bàtà ló bá dé, Akíntádé fi rán awakọ̀ láti Ìbàdàn:
ohun funfun kan, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ,
bọ́tìnnì kan lójú, iná bíńtín kan légbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
"Ìyá mi, ẹ má tì í mọ́ inú àpótí o.
Ẹ kàn án mọ́ ògiri.
Yóò máa bá yín gbọ́ òórùn ohun tí kò lóòórùn."

Mo rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi yẹ kòkó wò ní Àkúrẹ́ yìí,
imú ni mo fi ń jẹun.
Bí àpò kan bá bu nínú ọgọ́rùn-ún,
mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó tú okùn ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rántí Òkè-Àró,
télọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì.
Aṣọ oníṣẹ́ kún ilẹ̀, iná ò sí.
Wọ́n gbé mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀
nítorí olè,
wọ́n ti fèrèsé nítorí ọyẹ́.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú apá aṣọ ọmọ kan,
epo ló tán tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́.
Mo bá àwọn tó já ilẹ̀kùn wọlé.
Mo fa imú. Mo tún fà á.
Òórùn bẹntiróò díẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀.
Èyí tó pa wọ́n, imú mi ò bá a.

Ni mo bá gbé nǹkan Akíntádé lọ́wọ́, mo ń yí ilé ká
bí ẹni tó ń wá yàrá fún àlejò.

Ilé ìdáná? Ìwé rẹ̀ ní rárá:
bó bá sún mọ́ sítóòfù, igbe lásán ni yóò máa ké,
ẹni tó bá sì ń ké lásán, lọ́jọ́ kan, a ó yọ bátìrì rẹ̀.
Balùwẹ̀, oruku omi gbígbóná yóò bà á jẹ́.
Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, atẹ́gùn ọ̀nà Ìdànrè yóò máa tàn án.
Mo fẹ́ fi í sẹ́yìn kọ́tìnì, kó má ba ẹwà pálọ̀ jẹ́,
ojú ara mi tì mí.

Fẹ̀yìntọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ní,
"Màmá, ẹ jẹ́ ká so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, kó máa ṣọ́ ọ."
Mo ní, ọmọ mi, a kì í so ajá mọ́ ọrùn olè,
ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń sùn là ń so ó sí.
Jẹnẹrétọ̀ náà kò tilẹ̀ wọlé mọ́.
Ẹ̀yìn kànga lọ́hùn-ún ló wà,
ó kọ ẹnu èéfín rẹ̀ sí igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó wá ku ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó wà láàrin yàrá mi àti ti àwọn ọmọ.
Ibẹ̀ ni igbe rẹ̀ ti lè jí èmi tí mo máa ń sùn bí igi.
Ara ògiri yẹn náà ni a ti ń fi pẹ́ńsù wọn gíga Akíntádé:
ọdún méje, ọdún mọ́kànlá,
ọdún mẹ́tàdínlógún, kó tó gbé àpótí rẹ̀ kúrò nílé.
Ìwé ní kó wà níbi tí imú ènìyàn ń dé.
Mo kàn án sórí ọdún mẹ́tàdínlógún.

Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ó han tó bẹ́ẹ̀ tí adìẹ aládùúgbò fi fò lágbàlá.
Ó dáa. Oṣooṣù, bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, bí kò wọlé,
n ó máa tẹ̀ ẹ́.

Lóru, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú.
Mo ṣì fa imú kí n tó dùbúlẹ̀, ó ti mọ́ mi lára:
ọṣẹ, iṣu sísun,
àdí lórí Fẹ̀yìntọ́lá.
Ìyókù, mo fi lé e lọ́wọ́.