Súìṣì Tí Mo Fẹ̀sùn Kàn

Àpótí lẹ́tà kẹfà lójú ọ̀nà Puolanka,
ìwé owó iná ṣì wà lọ́wọ́ mi
nígbà tí díńgí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, tó kọ̀, tí kò gòkè mọ́.
Mo tẹ súìṣì. Kẹ́.
Mo tún un tẹ̀. Kẹ́. Ohùn wà, iṣẹ́ ò sí.
Òtútù ti sọ̀ dé ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún nísàlẹ̀ òdo,
irú èyí tó ń sọ irun imú ènìyàn di abẹ́rẹ́.
Mo fi àpò póòsì dí ojú fèrèsé, mo wakọ̀ délé,
etí ọ̀tún mi ti kú, etí òsì ń gbọ́ rédíò.

Ẹ má dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ooru.
Igba àpótí ó lé mẹ́wàá ni mo ń dúró tì lójúmọ́,
iye ìgbà náà ni díńgí ń lọ tó ń bọ̀,
fún ọdún mẹ́sàn-án.
Àwòrán ọfà tó wà lórí súìṣì ti pa rẹ́,
ìka mi ló jẹ ẹ́.
Ta ni ẹ̀yin ì bá mú?

Aulis, àbúrò olóògbé ọkọ mi, gbé mítà rẹ̀ dé.
Ó yọ fíúsì, ó gbé e sókè sí iná bí ẹni tó ń wo ẹyin:
"Eléyìí ò ṣe nǹkan kan."
Ó fa iná bátìrì bá ẹ̀rọ inú ilẹ̀kùn ní tààrà,
díńgí gòkè, wọ̀ọ̀:
"Eléyìí náà ò jẹ̀bi."
Ó tú súìṣì, ó fi ọtí nu ojú bàbà inú rẹ̀,
ọtí tí à bá mu.
Kò gbọ́.
La bá dá a lẹ́jọ́.

Súìṣì tuntun dé láti Oulu, yúrò mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún.
Ó dúdú, ó ń dán, ọfà rẹ̀ funfun bí eyín àkọ́hù.
A wọlé sínú ọkọ̀, a pa ilẹ̀kùn mọ́ra nítorí òtútù,
mo tẹ̀ ẹ́.
Ohùn rẹ̀ tilẹ̀ dùn ju ti àtijọ́ lọ. Díńgí ò mira.
Aulis sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní kọ síbí.

Ní ọjọ́ kẹta mo dé ọ̀dọ̀ Urho.
Láti ìgbà tí ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, kì í rìn dé ìdí àpótí mọ́,
èmi ni mo ń gbé ìwé ìròyìn lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.
Mo ṣílẹ̀kùn gbayawu, mo jókòó sétí àga,
mo ń gbọn yìnyín kúrò lára bàtà,
ọwọ́ mi ṣèèṣì kan súìṣì.
Díńgí gbọ̀n, ó sọ̀ kalẹ̀.
Mo pa ilẹ̀kùn: ó kú. Mo ṣí i: ó jí.
Mo ń ṣí, mo ń pa, mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú yìnyín,
Urho ń wò mí láti ojú fèrèsé tirẹ̀,
ó ti gbé fóònù sétí, bóyá dókítà ló ń pè.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.
Láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀,
rọ́bà kan wà tó wúnjọ bí ìfun àgùntàn,
inú rẹ̀ ni wáyà ń gbà kọjá.
Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n a nà; bó bá padé, wọ́n a ká.
Pupa kan ti já níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.
Kì í ṣe igba àpótí ló já a.
Ilé tí mo ń bọ́ sílẹ̀ sí ni:
ti Urho, ti ìyá Kerttu tí ojú rẹ̀ ti lọ,
àti èyí tí ajá ti máa ń dúró dè mí.

Aulis so wáyà. Ó ní bí n kò bá bọ́ sílẹ̀ mọ́, yóò pẹ́.
Mo ní mo gbọ́.

Súìṣì àtijọ́ wà lórí tábìlì ilé ìdáná mi,
n kò lè sọ ọ́ nù.
Bí mo bá ń dúró kí kọfí hó, mo máa ń tẹ̀ ẹ́.
Kẹ́.
Ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀, bó ti ṣe ń dáhùn láti ọjọ́ yìí wá.