Orúkọ Tí Ẹnìkan Ò Jẹ́ Rí

Ọmọ mẹ́ta la ti sin sí Sáríà
kí ìwọ tó dé lọ́jọ́ ọyẹ́ kan,
tí eruku bo fèrèsé, tí ètè gbogbo wa sán.

Dúrósinmí ló wà lẹ́nu mi.
Málàm Lábárán tó ń rán fìlà lójúde wa ní,
“Ẹ má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ sọ fún un:
Yahaya. Ó yè.”
Ó ní ọmọ Sakariyáù ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ,
bàbá ti gbó, ìyá yàgàn;
Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́,
ẹnìkan ò jẹ́ ẹ rí.

Mo gbé e wálé bí ẹyin.

Ọdún kẹfà, iléèwé Túdùn Wàdá.
Tíṣà ṣíwèé, ó pe Yahaya,
ọmọ márùn-ún dìde!
Ọ̀kan ò léyín iwájú, ọ̀kan gbé bàtà lọ́wọ́.
Ìwọ bojú wẹ̀yìn, o wò mí
bí ẹni wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Má fajú ro, ọmọ mi.
Ta ló mọ ilẹ̀ tí bàbá wọn ti gbẹ́?
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń kà wọ́n:
ó yè, ó yè, ó yè, ó yè.
Ìwọ náà.